Bí ẹ ṣe lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ́fíìsì dé ẹ̀ka yín tó wà ní kìlómítà 5, láìgbẹ́ ilẹ̀ fún wáyà

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kì í yé bi mí: "Íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì wa dáa, àmọ́ kò sí nǹkan kan ní ẹ̀ka wa tó wà lódìkejì ìlú. Rédíò wo ni kí n rà?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ rédíò sílẹ̀ ná. (Rédíò tí à ń sọ níhìn-ín ni ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba òfuurufú láti ilé kan dé èkejì.) Ohun tó wà láàárín ilé méjèèjì ló máa sọ bóyá iṣẹ́ yìí á yọrí. Rédíò olówó gọbọi kò lè la òkè kọjá, èyí tí kò sì wọ́n rárá máa ń ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ bí ojú ọ̀nà bá mọ́. Ìdí nìyẹn tí a ò fi ní ra ohunkóhun títí a ó fi dé ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹni tó bá ti rà á tẹ́lẹ̀, kó ṣì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kìíní.

Nínú àpẹẹrẹ wa, Ilé A ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá, Ilé B ni a fẹ́ gbé e lọ. Kìlómítà 5 ló wà láàárín wọn, 5.8 GHz (ìwọ̀n ìgbì tó ń lò) sì ni rédíò wa.

## Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

- Ojú ibi tí ilé méjèèjì wà gan-an. Ẹ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí Google Maps, kí ẹ kọ òǹkà méjì tó bá jáde sílẹ̀.
- Gíga òrùlé kọ̀ọ̀kan láti ilẹ̀, ní mítà. Okùn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n.
- Àṣẹ onílé, kó sì wà lákọsílẹ̀. Onílé tó ní "kò sí wàhálà" lónìí lè ní kí ẹ wá yọ òpó yín nígbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ páànù.
- Ohun tí ẹ fẹ́ kó gba ibẹ̀ kọjá. Ímeèlì àti WhatsApp kò gba nǹkan kan. Kámẹ́rà ààbò mẹ́rìndínlógún ń jẹun gan-an.
- Ọ̀rọ̀ òfin. Láàárín ilé yín méjèèjì nìkan la ń sọ níhìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́ máa ta íntánẹ́ẹ̀tì fún aládùúgbò, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCC, àjọ tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. Bí òpó yín bá máa ga fíofío, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń rí sí ètò ìrìnnà òfuurufú, nítorí ọkọ̀ òfuurufú.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo ojú ọ̀nà

1. Ẹ ṣí Google Earth lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fa ìlà láti Ilé A dé Ilé B, kí ẹ sì ní kó fi bí ilẹ̀ ṣe ń ga tó sì ń rẹlẹ̀ lórí ìlà náà hàn yín.
2. Ẹ kọ ibi tó ga jù lójú ọ̀nà sílẹ̀, àti bó ṣe jìnnà tó sí ilé kọ̀ọ̀kan.
3. Ẹ gun òrùlé lọ wò ó. Kò sí máàpù tó rọ́pò èyí.

Ilẹ̀ nìkan ni àwòrán yẹn ń fi hàn. Kò mọ̀ nípa igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì mọ̀ nípa ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ìbàdàn ní òkè àti àfonífojì tó pọ̀ débi pé ilé méjì tó sún mọ́ra lè má rí ara wọn láéláé. Ní Abẹ́òkúta, àpáta ni ìṣòro. Ní Èkó, ilé gíga ni. Ní ìlú tí igbó yí ká, igi ni.

Báwo lẹ ṣe máa dá òrùlé kan mọ̀ láti kìlómítà 5? Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró sórí òrùlé Ilé B lọ́wọ́ àárọ̀ tí oòrùn bá mú, kó fi dígí ìwojú tan oòrùn sí ọ̀dọ̀ yín, kó sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀nà bá mọ́, ẹ ó rí i tó ń kọ mọ̀nà. Ọgbẹ́ni tó dúró pẹ̀lú dígí yẹn wúlò ju ẹgbẹ̀rún àwòrán lọ. Ẹ má ṣe é nínú ọyẹ́, nítorí kùrukùru ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ojú ríran jìnnà, bẹ́ẹ̀ kò sì dí rédíò lọ́wọ́.

## Ìgbésẹ̀ 2: Kí ojú rí ojú kò tíì tó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Sígínà kì í rin ojú ìlà tín-ín-rín. Ó nílò àyè yí ká ìlà náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní agbègbè Fresnel. Ẹ ronú gángan, kí ẹ wá yí i padà: gángan fẹ̀ lórí méjèèjì, ìbàdí rẹ̀ sì tín-ín-rín, àyè yìí tín-ín-rín lórí méjèèjì, ó sì fẹ̀ ní ìbàdí. Bí orí igi bá wọ inú rẹ̀ jù, sígínà á dín kù, kódà bí ẹ bá ń fi ojú yín rí òdìkejì kedere.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú jíjìnnà ní kìlómítà, ẹ fi GHz pín in, ẹ tẹ √ lórí fóònù yín, kí ẹ wá sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 8.66. Mítà tó bá jáde ni àyè tí ó yẹ kó wà láti ìlà dé etí agbègbè náà ní àárín ọ̀nà. Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ mọ́. Ìdá 60 nínú 100 ni ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohunkóhun wọ̀.

Fún 5.8 GHz:

| Jíjìnnà | Àyè ní àárín ọ̀nà | Èyí tó gbọ́dọ̀ mọ́ |
|---|---|---|
| 1 km | mítà 3.6 | mítà 2.2 |
| 2 km | mítà 5.1 | mítà 3.1 |
| 5 km | mítà 8.0 | mítà 4.8 |
| 10 km | mítà 11.4 | mítà 6.8 |

Ilẹ̀ ayé alára tún tẹ̀ bí ọrun. Ní kìlómítà 5, kò ju nǹkan bí mítà 0.4 lọ, ẹ lè gbójú fò ó. Ní kìlómítà 10, ó ti tó mítà 1.5, ẹ gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti wa. Ká ní ilẹ̀ tẹ́jú, igi tó ga jù sì wà ní àárín gbùngbùn, ó ga ní mítà 12. Mítà 12, pẹ̀lú 4.8, pẹ̀lú 0.4, pẹ̀lú mítà 2 tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún igi tó ṣì ń dàgbà. Ó ti lé ní mítà 19. Bí òrùlé yín bá wà ní mítà 9, ẹ ti nílò òpó tó lé díẹ̀ ní mítà 10 lórí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìyẹn sì kì í ṣe iṣẹ́ páìpù kan ṣoṣo mọ́. Okùn irin tí a fi ń di òpó mú ti di dandan.

Bí igi yẹn kò bá sí ní àárín ńkọ́? Ìrọ̀rùn dé. Igi tó wà ní ìdajì kìlómítà sí Ilé A nílò mítà 2.9 péré lókè orí rẹ̀ dípò 4.8. Fún ibi tí kò sí ní àárín, ìṣirò náà nìyí: 17.32 × √(d1 × d2 ÷ (f × d)). d1 àti d2 ni jíjìnnà igi sí ilé kọ̀ọ̀kan, d ni gbogbo ọ̀nà, f ni GHz. Níbí náà, ìdá 60 nínú 100 èsì rẹ̀ ni èyí tó gbọ́dọ̀ mọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: kí ènìyàn wo ojú ọ̀nà lóṣù kìíní ọdún, nígbà tí igi ti wọ́wé, kó wá so rédíò mọ́lẹ̀. Tó bá di oṣù kẹfà tí ewé tutù ti bo ẹ̀ka, á ní nẹ́tíwọ̀kì òun bàjẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò sígínà kí ẹ tó lọ sọ́jà

Bí ẹ ṣe ń ṣírò owó tó wọlé àti owó tó jáde ni. dB ni owó wa, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí sígínà ṣe ń pọ̀ sí i tàbí dín kù. dBm ni ti agbára sígínà fúnra rẹ̀, dBi ni ti ohun tí áńtẹ́nà fi kún un.

Ohun tó máa jáde jù ni èyí tí òfuurufú máa jẹ: 92.45 + 20 log(kìlómítà) + 20 log(GHz). (Bíi √, ẹ tẹ log lórí fóònù yín.) Ti wa jẹ́ 121.7 dB. Ẹ wá to gbogbo rẹ̀:

- Agbára rédíò A: +20 dBm
- Díìṣì A (áńtẹ́nà tó rí bí abọ́): +23 dBi
- Òfuurufú: −121.7 dB
- Díìṣì B: +23 dBi
- Ìsopọ̀ àti àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́: −2 dB
- Ohun tó dé Ilé B: −57.7 dBm

Bí òǹkà yìí bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni sígínà ṣe lágbára tó. −57 sàn ju −70 lọ. Ẹ wá wo ìwé rédíò náà. Ká ní ó sọ pé òun nílò −75 dBm kí òun tó lè sáré dé òpin agbára òun. Ohun tó ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́ ni 17 dB. Èmi kì í gbà kó dín sí 15.

Ẹ wò ó bí ẹ bá fi áńtẹ́nà kékeré 16 dBi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nítorí pé kò wọ́n: 20 + 16 − 121.7 + 16 − 2, ó di −71.7. 3 dB péré ló kù. Á so pọ̀ o, ẹ ó sì dunnú lọ́jọ́ tí ẹ bá so ó. Tí atẹ́gùn bá ti mi òpó díẹ̀, tàbí tí aládùúgbò bá tan rédíò tiẹ̀, ó parí.

Òfin kan tí ẹ lè há sórí: bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, 6 dB lọ.

Òjò ńkọ́? Ní 5.8 GHz láàárín kìlómítà díẹ̀, òjò fúnra rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan. Bí nẹ́tíwọ̀kì yín bá ń lọ ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, ẹ wá omi nínú ìsopọ̀ wáyà, ewé tutù lójú ọ̀nà, tàbí iná tí wọ́n mú lọ. Láti 10 GHz lọ sókè ni òjò ti ń di ọ̀tá gidi. Àwọn rédíò 60 GHz tí àwọn ará ilé ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba dára gan-an, wọ́n sì yára, àmọ́ atẹ́gùn tí à ń mí alára ń jẹ nǹkan bí 15 dB ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, kí òjò tiwa tó dé. Ẹ fi wọ́n sí ọgbà kan náà tàbí òdìkejì títì.

## Ìgbésẹ̀ 4: Nísinsìnyí, ẹ lè rà

- Rédíò méjì tí ó jẹ́ oríṣi kan náà, láti ilé-iṣẹ́ kan náà. Ẹ má da wọ́n pọ̀.
- Ẹ má ṣe gba rédíò 900 MHz lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni lè lo 902 sí 928 MHz. Níbí, GSM ló wà níbẹ̀. Ẹ ó máa da fóònù àdúgbò rú, ẹ ó sì jẹ́jọ́ rẹ̀.
- Wáyà Cat5e tàbí Cat6 ti ìta, èyí tí awọ rẹ̀ dúdú tí oòrùn kì í tètè jẹ. Kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 láti rédíò dé inú ilé.
- Ìdènà àrá fún wáyà náà, méjì ní ilé kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan lẹ́bàá rédíò, ọ̀kan níbi tí wáyà ti ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ wáyà yìí gba àkíyèsí. Ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà ni wọ́n kọ Cat6 sí lára, tó sì jẹ́ álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lórí fẹ́ẹ́rẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi bíléèdì ha okùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Bí ó bá pupa títí dé inú, kọ́pà ni. Bí funfun bá yọ lábẹ́, ẹ dá a padà. Àpótí rẹ̀ alára máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́. Wáyà yìí ló ń gbé iná lọ fún rédíò. Álúmíníọ̀mù á jẹ iná náà lọ́nà, rédíò á sì máa kú, á máa jí.

Ẹ tún wo iná tí rédíò yín ń gbà lára wáyà. Àwọn kan ń gba 24 V, àwọn kan 48 V. Ẹ má ki orí iná rédíò kan bọ òmíràn. 48 V lára rédíò 24 V lè jó o lójú ẹsẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tò ó lórí tábìlì, kì í ṣe lórí òrùlé

1. Ẹ dín agbára rédíò méjèèjì kù pátápátá, kí ẹ má sì kọ ojú wọn síra nínú yàrá. Agbára tó pọ̀ jù láti ibi tó sún mọ́ lè ba etí wọn jẹ́.
2. Ẹ fi sọ́fítíwià tuntun kan náà sórí méjèèjì.
3. Ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì IP (òǹkà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì) tó yàtọ̀, bíi 192.168.1.2 fún A, 192.168.1.3 fún B. Àdírẹ́sì kan náà ni wọ́n máa ń gbé bọ̀ láti ilé-iṣẹ́.
4. Ẹ sọ A di access point (èyí tí èkejì ń so mọ́), B di station (èyí tó ń so mọ́ ọn), kí méjèèjì sì wà ní bridge (afárá lásán láàárín ilé méjèèjì).
5. Ẹ mú Nigeria nínú orúkọ orílẹ̀-èdè. Àwọn kan máa ń mú orílẹ̀-èdè mìíràn kí agbára lè pọ̀. Ariwo, ìyẹn sígínà tó ń da ti ẹlòmíràn rú, ni wọ́n ń dá sílẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, àtàwọn fúnra wọn.
6. Ẹ kọ kìlómítà 5 sí ibi tó ń béèrè jíjìnnà. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ ní òdo, rédíò A kò ní dúró gba èsì B, á máa tún ọ̀rọ̀ sọ.
7. Fífẹ̀ ìkànnì: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 20 MHz. 40 MHz ń yára jù, àmọ́ ó ń gba ariwo wọlé ní ìlọ́po méjì.
8. Ẹ fi WPA2 tàbí WPA3 (kọ́kọ́rọ́ ààbò nẹ́tíwọ̀kì) tì í, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tí kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ yín.
9. Ẹ gbé fáìlì ńlá kan láti kọ̀ǹpútà kan dé èkejì. Bí kò bá lọ lórí tábìlì, kò ní lọ lókè.

Ẹ fi gègé kọ A àti B sára wọn gàdàgbà.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gbé e gòkè

Ẹ má gun òpó nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú. Ẹ má nìkan gùn ún. Ẹ wo wáyà iná tó kọjá nítòsí: bí òpó bá lè ṣubú kó kan án, ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ gbé e sí.

Òpó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi ìwọ̀n olómi wò ó ní ẹ̀gbẹ́ méjì kó tó jó o pọ̀, nítorí òpó tó wọ́ máa mú kí díìṣì yẹ̀ sókè tàbí sódò bí ẹ bá ṣe ń yí i. Ẹ má fi díìṣì sí ṣóńṣó orí òpó. Ẹ jẹ́ kí irin àrá ga jù ú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa wáyà kọ́pà tó nípọn láti ìsàlẹ̀ òpó lọ sínú ilẹ̀, kí ẹ sì so ó pọ̀ mọ́ ẹ́ẹ̀tì ilé (wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀). Ẹ́ẹ̀tì méjì tí kò mọra wọn léwu ju ọ̀kan lọ. Èyí kò ní dá àrá tó bá sán lu òpó gan-an dúró, àmọ́ èyí tó sán nítòsí ló ń pa rédíò jù.

Kí wáyà tó wọ inú ògiri, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gòkè wọlé, kí omi lè máa kán síta níbi tó rọ̀ sí.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dojú wọn kọ ara wọn

Ènìyàn méjì, fóònù méjì, ọ̀kan ní òrùlé kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa yí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

1. Ẹ fi kọ́ńpáàsì tàbí ohun tó hàn lójú ọ̀nà dojú kọ ibẹ̀ ní ìfojúdá.
2. Ẹni tó wà ní A dúró. Ẹni tó wà ní B yí díìṣì rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, kó máa ka òǹkà sígínà jáde.
3. Ẹ má dúró níbi tó bá kọ́kọ́ dáa. Ẹ kọjá rẹ̀ títí sígínà fi lọ, kí ẹ tún máa yí i lọ. Díìṣì ní agbára ńlá kan ní iwájú, ó sì ní kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ti àárín ni ẹ ń wá.
4. Ẹ ṣe ti òkè àti ìsàlẹ̀ bákan náà.
5. Ó kan A.
6. Ẹ máa di nọ́ọ̀tù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín wà lára òǹkà. Bí ẹ bá fún ọ̀kan pa kí ẹ tó kan èkejì, díìṣì á yẹ̀.

Ibí ni ìṣirò ìgbésẹ̀ kẹta ti máa sanwó rẹ̀ padà. A retí −57.7. Bí ẹ bá rí láàárín −55 sí −62, ẹ sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ −75, ẹ má tẹ́ ara yín lọ́rùn nítorí pé "ó ti so": ẹ wà lórí agbára ẹ̀gbẹ́, tàbí díìṣì kan dùbúlẹ̀ nígbà tí èkejì dúró, tàbí nǹkan kan ń dí ọ̀nà.

## Iná

Rédíò kan tó ń jẹ 8 W àti ráúta tó ń jẹ 6 W jọ ń jẹ 336 Wh lóòjọ́. Bátìrì 12 V, 100 Ah ní 1,200 Wh. Bó bá jẹ́ oníásíìdì, ẹ má lo ju ìdajì lọ. Ó dín díẹ̀ ní ọjọ́ méjì, láìsí NEPA. Páánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré tó fún un, àmọ́ ẹ rántí pé rédíò 24 V nílò ẹ̀rọ tó ń gbé 12 V ga.

## Bí ojú ọ̀nà kò bá mọ́ rárá

- Ẹ wá ilé kẹta. Ilé ọ̀rẹ́ tó wà lórí òkè tó rí A, tó sì rí B. Rédíò á di mẹ́rin, iná sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú.
- Ẹ ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ fún B, pẹ̀lú ráúta 4G àti áńtẹ́nà ìta, kí ẹ sì fi VPN (ọ̀nà àdáni tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì) so ọ́fíìsì méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ ìwé ìṣirò owó nìkan ni ẹ̀ka yín ń ṣí, owó èyí lè kéré ju ti òpó lọ.
- Ẹ bèèrè fáíbà. Bí ó bá ti dé títì yín, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù.

## Bó bá ti ń dààmú yín

| Ohun tí ẹ rí | Ibi tí ẹ máa wò |
|---|---|
| Sígínà dáa, ìyára kò sí | Ariwo lórí ìkànnì. Ẹ yí ìkànnì padà, tàbí ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù |
| Ó ń lọ lálẹ́, ó ń padà láàárọ̀ | Bátìrì |
| Ó lọ pẹ̀lú òjò, kò padà fún ọjọ́ méjì | Omi nínú ìsopọ̀ wáyà. Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ ṣe tuntun |
| Sígínà ń dín kù láti oṣù dé oṣù | Igi ń dàgbà, tàbí ẹnì kan ń kọ́ ilé lójú ọ̀nà |
| Ó já lu −75 lẹ́yìn ìjì | Díìṣì ti yẹ̀. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ keje |
| Rédíò ń kú, ó ń jí | Wáyà álúmíníọ̀mù, tàbí orí iná tí kì í ṣe tirẹ̀ |